Òkété dàgbà tán, ọmọ ló tún ń fún lọ́mú: Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Ẹdẹ tí wọ́n kàwé tán tí wọ́n padà sílé òbí

Kò sí àgùnbánirọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí kò ní mọ ìlú Ẹdẹ, nítorí ibẹ̀ ni àgọ́ tí wọ́n ti ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn ọmọ tí wọ́n ti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ wá máa ń lò níbẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé funfun àti bàtà kánfáàsì, tí fèrè àwọn ológun yóò máa jí wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Inú àwọn ará ìlú kì í bàjẹ́ sí àsìkò náà. Ọlọ́kadà ń rí owó, olóúnjẹ ń rí owó, ẹni tó ń ya fọ́tò náà ń rí owó. Ṣùgbọ́n nínú ìlú kan náà, bí ènìyàn bá kúrò lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ tó sì wọ àdúgbò lọ, ilé pọ̀ tí ọmọ tó ti ṣe tirẹ̀ parí láti ọdún méjì, mẹ́ta tàbí márùn-ún wà nínú yàrá tó ti ń sùn láti kékeré, tí káakí rẹ̀ so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ti kàwé, ó ti gba ìwé-ẹ̀rí, ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan, ó sì ti padà sílé. Ìyá rẹ̀ ló ń bu oúnjẹ fún un.

Àwọn àgbà ló sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Lórí òwe yìí ni ọ̀pọ̀ òbí gbé ìnáwó ẹ̀kọ́ ọmọ wọn kà. Ẹni tó ta ilẹ̀ nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹni tó ń dá èésú láti ọdún dé ọdún, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ fún ọkàn ara wọn: ọdún mẹ́rin péré ni, lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ yóò máa fi owó ránṣẹ́ sílé. Òkété ti wá dàgbà báyìí o, ọmọ náà sì ti gbó, ṣùgbọ́n òkété àgbà ló ṣì ń fún ọmọ lọ́mú. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Ẹdẹ nìkan, kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò sí. Ti Ẹdẹ kàn le díẹ̀ láti gbé mì ni, nítorí pé ìlú ẹ̀kọ́ ni ìlú náà.

Ní ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ dá Pólì sílẹ̀ síbẹ̀. Ní 2011, Yunifásítì Adeleke gba àṣẹ láti bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Redeemer's tí ìjọ Ìràpadà dá sílẹ̀ ní 2005 náà kó kúrò ní àgọ́ ìjọ wọn tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ó sì wá fi Ẹdẹ ṣe ibùjókòó. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga mẹ́ta nínú ìlú tí kì í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀, kì í ṣe ohun kékeré. Wọ́n gba olùkọ́ síṣẹ́, wọ́n gba awakọ̀, ọdẹ àti agbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá mú jáde lọ́dún kan pọ̀ ju iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà lè fún ènìyàn lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra, iṣẹ́ tó sì wà ní ìta ọgbà wọn kò pọ̀ sí i bí ìwé-ẹ̀rí ti ń pọ̀ sí i. Yàrá ló tún gbówó lórí. Inú ọgbà ni àwọn yunifásítì aládàáni ń fi akẹ́kọ̀ọ́ wọn sí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ń gbé láàrin ìlú, onílé sì mọ̀ pé òbí wọn yóò san owó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ ìlú tó ń wá yàrá kan láti fi bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ó ń bá du yàrá náà.

Ìbéèrè kan wà tó ń já àwọn ọmọ yìí láyà ju ebi lọ. Bí wọ́n bá pàdé ọ̀rẹ́ bàbá wọn ní ojúde mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, tàbí níbi ìnáwó, wọn yóò dọ̀bálẹ̀, ẹni náà yóò súre fún wọn, yóò sì béèrè pé, “Ibo lẹ wà báyìí o?” Kò ní ìkà nínú, ìkíni ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bi mọ̀ pé “mo wà nílé” kì í ṣe ìdáhùn tí wọ́n ń retí. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń sá fún òde, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni wọ́n ń jáde. Àwọn òbí náà ti ní ìdáhùn tiwọn tí wọ́n ń fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: “Wọ́n ṣì ń retí ni.” Kí ni wọ́n ń retí? Olúwa ló mọ̀.

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí wọ́n ti pọ̀ tó, ìwé ìjọba kò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, kéde pé ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ọdún 2020, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wá iṣẹ́, ó lé ní 33 tí kò níṣẹ́. Láàrin àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 15 sí 34, iye náà lé ní 42. Lẹ́yìn èyí ni àjọ náà yí ọ̀nà tó ń gbà kà á padà ní 2023. Nígbà tí yóò fi di ìdámẹ́rin kejì ọdún 2024, 33 ti di 4.3. Ẹni tí kò bá mọ ìdí yóò rò pé iṣẹ́ ti dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ aláìníṣẹ́. Ní báyìí, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré láàrin ọ̀sẹ̀ kan nítorí owó tàbí èrè, oníṣẹ́ ni lójú ìwé. Kì í ṣe pé àjọ náà purọ́. Ìlànà tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fi lélẹ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á gbé e wọ Ẹdẹ. Ọmọkùnrin tó gba dìgírì, tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó nídìí POS láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń fún ní owó oúnjẹ, oníṣẹ́ ni. Ọmọbìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ wọn gààrí ní ọjọ́ ọjà, oníṣẹ́ ni. Bí àwọn méjèèjì bá délé lálẹ́, ìyá àti bàbá wọn kò mọ̀ pé ìjọba ti ka ọmọ wọn mọ́ àwọn tó rí iṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbígbé ilé bàbá ẹni lẹ́yìn tí a ti dàgbà jẹ́ ohun àjèjì sí Yorùbá. Ohun tó tilẹ̀ jẹ́ àjèjì ni kí ọmọkùnrin kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé kí ó lọ dá gbé yàrá nínú ilé ẹni tí kò bá a tan. Nínú agbo ilé àtijọ́, ọmọkùnrin kì í lọ. Inú agbo ilé ni yóò ti dàgbà, ibẹ̀ ni wọn yóò gbé ìyàwó rẹ̀ wá bá a, wọn yóò sì fún un ní yàrá. Bí yàrá bá kún, wọn yóò fà á gùn láti ẹ̀yìn. Ẹni tí orí rẹ̀ ti ń hu ewú lè wà nínú ilé tí bàbá rẹ̀ ń gbé, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé ibo ló wà. Ibi tó wà gan-an ni ó yẹ kí ó wà.

Ṣùgbọ́n ilé nìkan kọ́ ni agbo ilé náà, ibi iṣẹ́ ni. Ọmọ àgbẹ̀ ń bá bàbá rẹ̀ lọ sí oko láàárọ̀, bí oòrùn bá rọlẹ̀, ó ń lọ sí ilẹ̀ kékeré tí wọ́n gé fún un, ohun tó bá sì kórè níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ń fin ewìrì, ọmọ àyàn ń kọ́ bí a ti ń fi ìlù sọ̀rọ̀. Ní Ẹdẹ, wọn kò fojú kéré irú iṣẹ́ ìdílé bẹ́ẹ̀: Tìmì John Adétóyèsè Láoyè, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1946 títí di 1975, ọba ni, ó sì mọ ìlù dùndún lù débi tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé òkè òkun. Bàbá tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mọ̀ pé òun jẹ ẹ́ ní gbèsè. Nígbà tí àkókò bá tó, òun ni yóò fẹ́ ìyàwó fún un. Nítorí náà, ọmọ tó gbé ilé bàbá rẹ̀ nígbà náà ń jẹ, ó sì ń fi kún oúnjẹ. Ó ní ilẹ̀, ó ní iṣẹ́, ó ní ohùn tí wọ́n ń gbọ́ bí ẹbí bá pé jọ.

Mẹ́ta yìí ni ọmọ tó kàwé tán tó padà sílé ní òde òní kò ní. Yàrá náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ohun tó mú kí gbígbé inú rẹ̀ bójú mu ti lọ. Àwọn òbí gan-an ló sì mú un lọ, pẹ̀lú èrò rere. Wọn kò mú ọmọ lọ sí oko kí ó lè ráyè kàwé. Wọn kò kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, nítorí wọ́n gbà pé ìyà ni iṣẹ́ náà, ọmọ tiwọn kò sì gbọdọ̀ jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí wọ́n kọ́ yìí kò gbé ilé tà o, ó kàn wà nínú rẹ̀ ni.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹ̀kọ́ yóò sáré ṣíwájú iṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955, kò pẹ́ tí àwọn tó jáde ìwé mẹ́fà fi kún ìgboro. Wọn kò fẹ́ padà sí oko, ọ́fíìsì kò sì gba gbogbo wọn. Láti ọdún 1959 ni ìjọba ìwọ̀-oòrùn ti ń dá àwọn ibùdó oko sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú ìlànà tí wọ́n rí ní orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, kí ọmọ tó mọ̀wé lè fi ọ̀nà ìgbàlódé dáko. Owó tó wọlé síbẹ̀ pọ̀ ju ọmọ tó dúró síbẹ̀ lọ. Ní 1979 ni ìjọba Olóyè Bọ́lá Ìgè mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Ẹdẹ wà lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Ìwé mẹ́fà kò tó mọ́, ìwé mẹ́wàá ni wọ́n ń béèrè. Lẹ́yìn náà, ìwé mẹ́wàá kò tó mọ́, dìgírì ni. Ní báyìí, dìgírì náà ti wọ́pọ̀, iṣẹ́ kò sì sún mọ́ ọmọ ju bó ti wà ní 1960 lọ. Ohun tó yí padà jù ni ọjọ́ orí. Ọmọ ìwé mẹ́fà tó jókòó sílé nígbà náà kò tíì pé ogún ọdún. Èyí tó jókòó báyìí ti lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nítorí pé ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba nìkan gba oṣù mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2020, ó sì tún gba oṣù mẹ́jọ ní 2022. Bó bá wá jáde, ìwé ìpolówó iṣẹ́ yóò sọ fún un pé ẹni tó bá ti ju ọdún 26 lọ, kí ó má wulẹ̀ kọ̀wé wá.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò nílé yóò kúrò. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2024, 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tó ń gbé Ẹdẹ tí kò mọ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí kò rí ìdajì iye náà gbà. Ká tilẹ̀ sọ pé ọmọ náà rí 70,000 gbà, pé Òṣogbo ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, tó sì ń wọ ọkọ̀ lọ, tó ń wọ ọkọ̀ bọ̀ lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí ìjọba Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ jẹ nínú irú owó oṣù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ. Bí onílé bá sọ pé 200,000 ni yàrá òun lọ́dún, yóò tún san ti àgírímẹ́ǹtì, yóò san kọmíṣọ̀n fún éjẹ́ǹtì, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó tó ra bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá lè tọ́jú 10,000 lóṣù nínú owó yìí ti gbìyànjú. Ọdún méjì ni yóò fi kó owó ọdún kan jọ, nígbà náà ni onílé yóò sì ti fi owó lé e.

Ìjọba náà kò ṣàì gbìyànjú. Kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá di gómìnà Ọ̀ṣun ní òpin ọdún 2010 tó fi gba 20,000 ọ̀dọ́ sínú ètò O'YES, tí wọ́n ń wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n sì ń gba 10,000 náírà lóṣù. Ní 2016, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari gbé N-Power dé, 30,000 náírà lóṣù fún àwọn tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìjọba tó tẹ̀ lé e dá ètò náà dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Àwọn owó yìí wúlò fún ẹni tó gbà wọ́n, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n owó tí kò gba ènìyàn kúrò nílé òbí rẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ń ra ọṣẹ, wọ́n ń ra káàdì sórí fóònù, wọ́n sì lópin. Ọmọ tó wọ̀ ọ́ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún jáde níbẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó sì tún padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba gan-an ni gbogbo ojú ń wò, ìyẹn ló sì fa ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní gbàgbé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 2014, nígbà tí àjọ tó ń ṣọ́ ẹnu ibodè pe àwọn tó ń wá iṣẹ́ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn tó kọ̀wé lé ní ìdajì mílíọ̀nù, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò tó 5,000. Ènìyàn tó lé ní mẹ́wàá ló kú sínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ọjọ́ náà. Ní Ọ̀ṣun, àwọn kan tilẹ̀ rí iṣẹ́ ìjọba gbà ní 2022 ní ìgbẹ̀yìn ìṣèjọba Gbóyèga Oyètọ́lá, ṣùgbọ́n bí Adémọ́lá Adélékè ti gba ìjọba ní òpin oṣù kọkànlá ọdún náà, ó pàṣẹ pé kí wọ́n fagi lé gbogbo ìgbanisíṣẹ́ tó wáyé lẹ́yìn ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje. Àwọn tó fara mọ́ ọn sọ pé àwọn tó ń lọ ló fẹ́ fi gbèsè dí ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀. Àwọn tó ta kò ó sọ pé ọmọ tálákà ló fara gbá a. Ẹdẹ ni Adélékè ti wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olóògbé Isiaka tó ṣe gómìnà ní 1992. Nítorí náà, ìrètí tí àwọn òbí ìlú náà ní pọ̀: ọ̀pọ̀ wọn gbà pé bí ọmọ ìlú ẹni bá wà lókè, ìwé tí a fi ránṣẹ́ kò ní pẹ́ kó tó délẹ̀. Ṣùgbọ́n iye àyè tó wà ní ìjọba ìpínlẹ̀ kan kò lè yí padà nítorí ìlú tí gómìnà ti wá. Ọ̀rọ̀ tí kò dùn ún gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà olóṣèlú nìyẹn, òótọ́ sì ni.

Bí ọmọ ti wà lórí òbí, òbí náà kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2015, nígbà tí owó kò wọlé sí àpò ìjọba Ọ̀ṣun, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ipò wọn ga díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù ní àbọ̀ tàbí ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó sì tó ọdún mẹ́ta kí ó tó yí padà. Àwọn tó fẹ̀yìntì ń tò sórí ìlà nítorí owó ìfẹ̀yìntì. Olùkọ́ tó fi owó àbọ̀ yẹn rán ọmọ ní yunifásítì ti fẹ̀yìntì báyìí, ọmọ náà sì ti padà. Ẹni méjì tó ń retí owó ìjọba ni wọ́n jọ wà nínú ilé kan.

Nínú ilé náà, ìjà kì í ṣe ti oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí oúnjẹ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ipò ọmọ náà ni ìjà. Ó ti dàgbà jù láti rán níṣẹ́, kò sì tíì dàgbà tó láti bi léèrè. Bàbá fẹ́ kí ó fa omi, kí ó pa jẹnẹrétọ̀, kí ó wọlé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ọmọ rí i pé òun ti tó ọkọ ẹlòmíràn. Bí ẹbí bá ń dá owó ìsìnkú tàbí owó àtúnṣe ilé, àbúrò rẹ̀ tó jáwọ́ nínú ìwé, tó lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, ń mú tirẹ̀ wá, wọ́n sì ń fà á jókòó. Ẹ̀gbọ́n tó kàwé yóò wà ní ìta, yóò máa fi fóònù ṣeré. Wọn kò lé e kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ pé kò sí ohun tí òun fẹ́ sọ níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe yàhúù náà mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí àwọn yọ sí i. Ọjọ́ tó bá dé pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti owó tí kò ṣàlàyé, ilé mìíràn yóò béèrè, ilé mìíràn yóò kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni. Ìjọba lè mú ọmọ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó dákẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò sí nínú ìwé ẹ̀sùn.

Ti àwọn obìnrin yàtọ̀. Yorùbá ní orúkọ fún obìnrin tó kúrò ní ilé ọkọ tó padà sí ilé bàbá rẹ̀: ilémọṣú ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà kò sì dára létí. Kò sí orúkọ kankan fún èyí tó ti ilé-ẹ̀kọ́ padà, nítorí pé lójú ọ̀pọ̀ òbí, kò tíì lọ. Ó ń dáná, ó ń fọṣọ, ó ń tọ́jú ìyá àgbà, ó ń dúró sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó ń pe èyí ní iṣẹ́. Bó bá wá sọ pé òun fẹ́ gba yàrá tòun ní Òṣogbo, àní bí owó tilẹ̀ wà, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde ni pé ta ni yóò máa wá bá a níbẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ilé tó ń ṣe ń mú kí wíwà rẹ̀ nílé rọ ìdílé lọ́rùn ju ti arákùnrin rẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ló sì ń mú kí gbogbo ènìyàn gbàgbé pé òun náà ń wá iṣẹ́. Ọkọ ni wọ́n ń bá a wá.

Àwọn tó rò pé ní òkè òkun, ọmọ ọdún 18 ń kó jáde nílé, kí wọ́n wo ìwé ìṣirò wọn. Ní oṣù keje ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, àjọ ìwádìí Pew sọ pé 52 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 18 sí 29 ló ń gbé pẹ̀lú òbí wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi ẹnì kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 20 sí 34 ló wà nílé òbí. Ní Ítálì, mínísítà ètò ìṣúná kan fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà ní 2007, ó pè wọ́n ní ọmọ ọwọ́ gìrìwò, inú sì bí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ gidi gan-an, nítorí pé owó ilé àti iṣẹ́ tí kò dúró ló so wọ́n mọ́lẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tilẹ̀ ní àǹfààní, nítorí pé kò sí ìtìjú fún ọmọ tó wà nílé òbí títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, bó bá ṣáà ti ń ṣiṣẹ́, tó ń kó owó ilé jọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn àti Ẹdẹ ni pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ń san owó ìrànwọ́ fún ẹni tí kò níṣẹ́. Ní Nàìjíríà, ìyá ni ìjọba náà.

Àwọn ilé kan wà tí ara tù díẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ilé olówó. Ohun tó wọ́pọ̀ láàrin wọn ni pé wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ kí ìbínú tó dé. Wọ́n fún ọmọ ní ohun kan nínú ilé tó jẹ́ ti ọwọ́ rẹ̀ pátápátá: owó iná, tàbí ẹ̀kọ́ àwọn àbúrò, tàbí ìwé àkọsílẹ̀ ọjà ìyá rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí kò bá ṣe é, ilé yóò mọ̀. Àwọn mìíràn gé ilẹ̀ fún un ní oko bàbá àgbà tí igbó ti bò, wọ́n sì jẹ́ kí èrè rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó gba dìgírì nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, tó wá ń sin adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé, kò tíì rí iṣẹ́ tó kọ́, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí yóò sọ bí ẹbí bá pé jọ. Ẹ̀gbin ni àwọn òbí mìíràn ka èyí sí, wọ́n ní àwọn kò rán an nílé-ìwé kó lè wá máa kó ìgbẹ́ adìẹ. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ara wọn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ.

Kò sí àmì pé yóò dínkù láìpẹ́. Láti 2024, ìjọba àpapọ̀ ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láti kàwé, ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ sì ni sísan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó bá ti rí iṣẹ́. Ìyẹn yóò mú kí ọmọ tí owó kò bá dá dúró wọlé, wọn yóò sì jáde. Àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń wọ àgọ́ Ẹdẹ ń gba 77,000 náírà lóṣù báyìí, iye tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san ní 2025. Ẹlòmíràn kò ní gba irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọdún mélòó kan. Oṣù méjìlá ni wọn yóò fi san án. Ní oṣù kẹtàlá, bí owó náà bá ti dúró, ìyá kan ní Ẹdẹ yóò kó àpò àgbàdo kúrò nínú yàrá ọmọ rẹ̀, yóò gbálẹ̀ ibẹ̀, yóò sì sá tìmùtìmù sóòrùn, nítorí ó ti pè láti ìpínlẹ̀ tó ti ń sìn pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.